Bí Mo Ṣe Yọ Ọ́ Nínú Èrò ní Ṣómólú

Lazarus ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òrùlé yàrá yín ní Bàrígà kò jò mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn lójú omi ni yóò máa ṣọ́ ìwọ tí o sùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀fun tí o fi ń pariwo kò ní gbẹ, etí àwọn tó ń gbọ́ ọ kò sì ní di. Ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kù, nítorí àdúrà tí a kò ṣe àmín sí dà bí ẹja tí a kò fi iyọ̀ sí, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Bàbá yín kí ọ. Ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n tò ní ilé ìwòsàn Igbóbì ní èṣí ti le, ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rìn báyìí, èkejì la fi ń ti ilẹ̀kùn. Pẹ́pẹ́yẹ wa pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá ti gbé méjì, ó ku méje. Jọmílójú àbúrò rẹ ló ń kọ lẹ́tà yìí, èmi ni mo ń sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tirẹ̀ kún un.

(Bọ̀ọ̀dá Lazarus, èmi Jọmílójú rèé. Màá fi tèmi kún un, wọn ò kúkú lè kà á. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ mọ̀ pé mi ò ka ju JS3 lọ. Inú mi ò dùn lọ́sẹ̀ yìí rárá. Ẹ máa tó mọ ìdí ẹ̀.)

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi gùn, fóònù sì máa ń gé ọ̀rọ̀ èèyàn sí méjì bí ẹni gé ẹja, orí nìkan ló máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a pè, ìrù á kù sí ọ̀dọ̀ mi. Àti pé kí n má parọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé o lè má gbé e, pẹ̀lú bí a ṣe pínyà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Sabina, tó máa ń bá wa gbé ẹja wá tà ní Bàrígà, fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, kó sì dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán. Bó bá dúró tì ọ́, fún un ní omi mu.

Mo mọ̀ pé o kò tíì mọ bí mo ṣe dé Ṣómólú, torí o kò jẹ́ kí n ráyè sọ ọ́. Sabina yìí náà ló fà á. Ó kó apẹ̀rẹ̀ òfìfo bọ̀ láti Bàrígà, ó sì tẹ́ bébà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kó ẹja tuntun sí i, ojú rẹ ni mo rí nínú bébà. Ojú rẹ pa dé, ẹnu rẹ là sílẹ̀, wọ́n kọ nǹkan gàdàgbà gàdàgbà sí òkè orí rẹ, Sabina sì tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ọjọ́ àti aago nìyí, ó ní ibi tí èrò máa péjọ sí nìyí. Lazarus, irú bébà wo ni wọ́n ń ya ojú ẹnì kan ṣoṣo sí, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí, tí wọ́n ń sọ ibi tí èrò máa péjọ sí? Ọ̀kan náà ni mo mọ̀ láyé. Òun la lẹ̀ mọ́ ara ògiri nígbà tí bàbá bàbá rẹ lọ. Mo ju apẹ̀rẹ̀ nù, mo figbe ta, mo ké títí tí Bàbá yín fi gbàgbé ọ̀pá wọn sílé tí wọ́n sáré jáde. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ti le.

Jọmílójú ló gba bébà náà lọ́wọ́ mi tó kà á. Ó ní kí n dákẹ́ ẹkún, pé Sátidé tó ń bọ̀ lọ́nà ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé wọn kì í kọ ọjọ́ ikú èèyàn sílẹ̀ dè é. Ó ní àwọn tó ń kọrin rọ́ọ̀kì ni yín, pé Omi Iyọ̀ lẹ sọ ara yín, pé àwo orin yín àkọ́kọ́ lẹ fẹ́ gbé jáde, ẹ sì fẹ́ kọ ọ́ lójúkojú fún àwọn èèyàn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o kò kú, ìgbà tí mo dúpẹ́ tán ni inú wá bí mi.

Nítorí iṣẹ́ ìtẹ̀wé la rán ọ lọ kọ́ ní Ṣómólú. A kò rán ọ lọ pariwo. Bàbá yín dúró títí a fi jẹun alẹ́ tán. Wọ́n wá ní ọkọ̀ ìpẹja àwọn ti wà ní ìdojúdé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ àwọn ti kán, pé ìwọ làwọn ń dúró dè, pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ lo ń ṣe àwọn lè mú sùúrù, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ eré ọmọdé, kí n lọ mú ọ bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó o wá gba ọkọ̀. Wọ́n ní kí n fi ojú ara mi rí i. Iṣẹ́ tí mo gbé wá sí Ṣómólú nìyẹn, mo gbé e sẹ́nu bí ẹni gbé omi gbígbóná.

(Bọ̀ọ̀dá, ibi tó dùn mí dé rèé. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń fi orin ránṣẹ́ sí mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi pa á mọ́ sínú. Àmọ́ ẹ ti ṣèlérí fún mi láti ọdún àjíǹde pé ẹ máa ra ẹ́ẹ̀píìsì tí mo máa fi sétí gbọ́ orin, mi ò rí i, inú ń bí mi sí yín lọ́jọ́ yẹn, ni mo bá tú gbogbo ẹ̀ fún Bàámi, tó fi dórí pé ẹ ti fá irun yín lápá kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí pé ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn mi ò jẹ ẹ̀bà.)

Èmi àti Sabina dé Lagos lọ́jọ́ Fúráídè, mo sùn sí ilé rẹ̀ ní Bàrígà. Lọ́jọ́ kejì, ó sìn mí dé Onípanu, a fi ẹsẹ̀ wọ inú Ṣómólú. N kò mọ̀ pé bébà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Bébà lórí ọ̀kadà, bébà lórí ọmọdé, bébà nínú gọ́tà, ọkùnrin kan gbé bébà tó ga ju ilé wa lọ sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù ó sì tún ń kọrin. Àwa tí a fi bébà kan ṣoṣo sunkún. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ ni mo kọ́kọ́ lọ, torí mo rò pé ó ti lé ọ. Ọ̀gá Àkànbí ní lílé kẹ̀? Ó ní o ṣì ń wá lọ́jọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, pé ìwọ fúnra rẹ lo tẹ bébà ojú rẹ yẹn, o sì tẹ̀ ẹ́ tí íńkì yẹ́lò rẹ̀ kò ṣàn. Ó ní nínú ọgbà ilé ìtẹ̀wé òun gan-an lẹ ti fẹ́ ṣe é, pé òun ló yá yín ní pákó tí wọ́n ń to bébà sí kẹ́ ẹ fi ṣe pèpéle. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan nínú orin náà, ṣùgbọ́n òun kò rí i kó o pẹ́ débi iṣẹ́ rí. Mo fi èyí sí apá kan ọkàn mi.

Lẹ́nu géètì yín, ọmọbìnrin kan so bébà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Irú rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọwọ́ Bàbá yín ní Igbóbì kí wọ́n tó gbé wọn wọlé. Mo ní ọmọ mi, n kò ṣàìsàn, mo wá wo ọmọ mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá, gbogbo èèyàn ló máa so ó. Mo wo ẹ̀yìn, lóòótọ́ gbogbo wọn ló so ó, àwọn ọmọ géńdé tí ara wọn dá ṣáṣá. Mo káàánú wọn. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi di òní, torí nọ́ọ̀sì ló yọ ti Bàbá yín, n kò sì rí nọ́ọ̀sì kankan nínú yín.

Wọ́n tún gbé pátákó kan síbẹ̀ tí wọ́n ya nǹkan onígun mẹ́rin sí, dúdú àti funfun, tó rí wúruwùru bí àwọ̀n tí eku jẹ, àwọn ọmọ sì ń na fóònù sí i. Mo ní mo fẹ́ ra àwo orin ọmọ mi mú lọ fún Bàbá ẹ̀, kí wọ́n fún mi ní àwo náà. Wọ́n ní kò sí àwo mọ́, pé inú nǹkan onígun mẹ́rin yẹn ni gbogbo orin náà wà. Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn bí a ṣe ń ṣe lọ́jọ́ ìdìbò, mo gbé etí sí i, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé bóyá wọn kò tíì tan iná.

Ìgbà tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀. Háà, Lazarus! Ọmọ tó ń lùlù yẹn, Ahmed, tí wọ́n ní ọmọ onílé ni ní Bàrígà, ṣé ìlù náà bú ìyá rẹ̀ ni? Àyà mi ń lù tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà níwájú mi sì ń mi orí bí alángbá tó jábọ́ látorí ìrókò, mo di ejìká ọ̀kan mú, mo bi í pé ṣé ọrùn ni, ó ní rárá ma, pé ó ń dùn mọ́ òun ni. Ọmọbìnrin tó gbé gìtá olóhùn ńlá kọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní Peculiar, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, òun ló rí mi lórí ìdúró tó wá àga fún mi, ó sì kúnlẹ̀ kí mi láìmọ ẹni tí mo jẹ́. N kò bi ọ́ ní nǹkan kan o. Mo kàn ń sọ pé ó kúnlẹ̀ ni.

Èéfín wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́sẹ̀ pèpéle. Èmi kò sá. Ta ló mọ èéfín jù mí lọ? Mo sún mọ́ ọn, mo fà á símú. Kò ní òórùn igi, kò ta mí lójú, kò mú mi húkọ́, ó sì pọ̀ ju èyí tí mo ń rí fún ẹja ọkọ̀ méjì. Mo tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí àpótí dúdú kan tí ẹnì kan kàn ń tẹ̀ lórí. Ogún ọdún ni mo ti ń fẹ́ná, ojú mi ti pọ́n bí ata, ẹ̀yin sì ní irú èyí nílé tẹ́ ẹ fi ń ṣeré. Bá mi bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń tà á, pé ẹja mélòó ló lè yan lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí mo ti ń wo àpótí yẹn ni ariwo rọlẹ̀, tí mo gbọ́ ohùn rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ ní gbangba. O ń kọrin pé ìyá kan ń fẹ́ná ní ìdájí, pé èéfín rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, pé aṣọ ilé ìwé rẹ ń rùn bí ẹja, àwọn ọmọ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ kò sì fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tí n kò bí ń bá ọ gbè é, wọ́n mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wo Sabina, Sabina wo mi. Mo ní èéfín tí kò ta ojú yẹn ti wá ń ta á báyìí.

Orin náà kò tíì tán nínú mi tí ariwo fi tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, o sáré láti ẹ̀yìn, o dé etí pèpéle, o kò dúró, o tẹ́ apá méjèèjì, o sì fi ẹ̀yìn já sínú èrò.

Kí lo fẹ́ kí n ṣe? O mọ bí a ṣe ń ṣe. Wọ́n ti kọ́ ọ kó o tó lè rìn. Bí èèyàn bá já kúrò nínú ọkọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ rí i kò gbọdọ̀ pa ẹnu dé, yóò máa pe orúkọ rẹ̀ láìsinmi, kí ó lè mọ apá ibi tí ọkọ̀ wà, kí omi náà sì mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Aṣọ tó bá wà lára rẹ ni wàá jù sí i. O kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi jókòó padà sínú ọkọ̀. Mo gun àga, mo kígbe Lazarus o! Lazarus o! Kí n tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ọgbà náà ti gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ń pe Lazarus o! Lazarus o! Mo ní Ọlọ́run ṣeun, àwọn ọmọ yìí mọ òfin. Mo tú gèlè mi, mo la èrò kọjá, Sabina di ìdí ìró mi mú lẹ́yìn kí èmi náà má bàa lọ. Wọ́n gbé ọ sókè lórí àtẹ́lẹwọ́, ẹsẹ̀ rẹ ni ọwọ́ mi tó. Mo so gèlè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ, mo fà ọ́.

N kò mọ̀ pé mo lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí lo fi balẹ̀, ṣòkòtò rẹ sì fàya. Ẹ̀rín tí gbogbo ọgbà yẹn rín, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

O mú mi lọ sí ẹ̀yìn, níbi ẹ̀rọ tó ń gé bébà. Ojú rẹ pọ́n. O ní Màámi, ta ló pè yín? O ní ọdún méjì lo fi múra ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú kan ni mo fi sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. O ní bó bá jẹ́ pé mo wá mú ọ lọ sílé wá gba ọkọ̀ ni, kí n sọ fún Bàbá yín pé o kò ní wá, kí wọ́n ta á. Ọ̀rọ̀ Bàbá yín wà lẹ́nu mi, n kò lè sọ ọ́. Mo tún gèlè mi wé, mo ní ó dàárọ̀. Oòrùn ṣì ń ràn o, èmi sì ní ó dàárọ̀. Ojú ló tì mí. Kí àwọn ará Bàrígà tó jí ní Sọ́ńdè, mo ti wà lójú ọ̀nà Igbókòdá, mo ń bọ̀ wálé.

(Màámi ń sunkún díẹ̀ níbí yìí, wọ́n ní kí n má kọ ọ́. Ẹ gbọ́, Bọ̀ọ̀dá, fídíò tí wọ́n ká nígbà tí Màámi fà yín lulẹ̀ ti lọ káàkiri. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní wá síbi tí Omi Iyọ̀ bá ti fẹ́ kọrin mọ́ bí màmá yẹn ò bá ní sí níbẹ̀. Mo sọ fún Màámi pé ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ti wò ó. Wọ́n ní ta ló gbà wọ́n lálejò, àti pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kí àwọn kí wọ́n tó máa wo àwọn.)

Mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá yín. Mo ro ti Ọ̀gá Àkànbí, mo ro ti èéfín, mo ro ti orin aṣọ ilé ìwé. Mo wá ro bó o ṣe fò. Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n gbà á? Mo ní wọ́n gbà á. Wọ́n ní ṣé kò sí ẹni tó yẹra? Mo ní kò sí ẹnì kan tó yẹra, pé mo rí ọmọbìnrin kan tó ju fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ṣófo.

Bàbá yín na ẹsẹ̀ wọn síwájú. Wọ́n wá ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n làwọn fi wà lórí omi, pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ àwọn há sáàárín ọkọ̀ àti òpó èbúté, èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ náà, ẹnì kan ló na ọwọ́. Wọ́n ní ẹni tí igba èèyàn ń na ọwọ́ sí, kí ló fẹ́ wá wá nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta? Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé kó o jókòó síbi tó o wà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Adéjìmí ọmọ àbúrò wọn, wọ́n ní kó gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì bá a yí i sójú. Adéjìmí ti ń kùn ún ní búlúù.

Nítorí náà, Lazarus, má bínú sí mi. Ìyá kì í bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. N kò mọ̀ pé o kò rì.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀ díẹ̀, irin orí ààrò mi ti dógùn-ún, fi nǹkan ránṣẹ́ kí n fi pààrọ̀ rẹ̀, àfi tí àpótí dúdú yẹn kò bá wọ́n. Má fi sí báńkì. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ní kí n kọ orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kó tó lọ́kọ sínú fọ́ọ̀mù. Mo ní ìyá mi ti kú, kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ọmọge rẹ̀ ṣe? Mo gba ìwé mi, mo wálé. Fi lé Sabina lọ́wọ́. Ra ẹ́ẹ̀píìsì ọmọ yìí pẹ̀lú, n kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rán mi létí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin látìgbà tó ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Ìlú tó o wà yóò gbà ọ́. Ibi tí o bá fi ẹ̀yìn lé kò ní yẹ̀. Ohùn rẹ yóò dé ibi tí ọkọ̀ bàbá rẹ kò dé. Ṣùgbọ́n bó o bá tún fẹ́ fò, tètè ránṣẹ́ sí mi. Màá wá, màá fi gèlè sílé, màá sì dúró níwájú pátápátá láàárín àwọn tó ń na ọwọ́.

Èmi ni,
Màámi.